Ta Ni Feleti Ń Bẹ̀ Nínú Tírélà?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n má baà pariwo. Òfófó gidi ló wà lẹ́nu mi lónìí, kì í ṣe ti ta ló bímọ tàbí ta ló ra mọ́tò. Ọ̀rọ̀ Lupe ni, Lupe ìyàwó Feleti, àwọn ọmọ Tonga tó ń gbé ní Minto níbí, nínú ilé bíríkì pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré. Feleti yìí ló ń wa tírélà, ó máa ń gbé kọ̀ntéínà láti Moorebank káàkiri Sydney. Inú ló ń bí mi tí mo fi fẹ́ sọ ọ́, torí ohun tójú àwọn awakọ̀ tírélà ń rí lójú títì yìí ti sú mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ìbínú má baà jẹ́ kí n fo ibi tó dùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Lupe kì í lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, torí ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ máa ń fún un láyè lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kó sùn pẹ́. Ìró áyọ́ọ̀nù ló jí i. Ó dìde, ó fa ìró mọ́ àyà, ó bọ́ sí kọ́rídọ̀, ó sì bá Feleti níbẹ̀ tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ti fi òróró àgbọn pa irun, ó ti fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣòkòtò gígùn. Àwọn awakọ̀ yòókù, ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wọ̀, ooru ibi yìí kì í ṣeré. Feleti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó gbóná náà, ó sì dé gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn.

"Bàbá Fusi, ṣé ìgbéyàwó lẹ ń lọ ni?" Lupe bi í.

"Iṣẹ́ ni."

"Ṣé tírélà ti wá ń fẹ́ ọkùnrin tó gbáfẹ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí ò ṣí eyín, ó fọwọ́ kan Lupe lórí bó ṣe máa ń ṣe, ó bá tiẹ̀ lọ. Lupe dúró sójú fèrèsé títí iná ọkọ̀ ẹ̀ fi ṣẹ́ kọ́nà. Ẹ̀yin obìnrin tó ń gbọ́ mi, ẹ mọ irú ìdúró yẹn.

Torí kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Látìgbà tí iléeṣẹ́ wọn ti lẹ kámẹ́rà kékeré kan mọ́ òkè gíláàsì iwájú ọkọ̀ ni ọkùnrin yìí ti yí padà. Kámẹ́rà náà lójú méjì. Ọ̀kan ń wo títì, ìkejì ń wo awakọ̀ fúnra ẹ̀, ó sì ń gbọ́ ohùn. Tí bíréèkì bá le díẹ̀, tàbí tí awakọ̀ bá yán, fídíò ibẹ̀ á já lọ sí ọ́fíìsì, ẹnìkan á sì jókòó síbẹ̀ wò ó. Gbogbo awakọ̀ ló kórìíra nǹkan náà. Àwọn kan lẹ ṣingọ́ọ̀mù mọ́ ọn lójú. Feleti ní tiẹ̀, áńkáṣíìfù ló fi ń nu tiẹ̀ kó mọ́.

Tẹ́lẹ̀, tẹ́nìkan bá já wọ iwájú Feleti nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, ìran bàbá onítọ̀hún á gbọ́ tiẹ̀. Èébú tó ń bú wọn lójú títì ń tẹ̀ lé e wọlé ni, àwọn ọmọ ẹ̀ kọ́ ọ mọ́ra, tísà ránṣẹ́ pe Lupe. Ní báyìí, lọ́jọ́ kan tí Lupe pè é lórí fóònù, ẹnìkan já lu ọkọ̀ ẹ̀, Lupe ń retí èébú, ó kàn gbọ́ tí ọkùnrin yìí rọra ní, "Ẹ máa lọ o, kí Ọlọ́run ṣamọ̀nà yín." Lupe mú fóònù kúrò létí, ó wo ojú ẹ̀, bóyá nọ́ńbà ẹlòmíì ló tẹ̀.

Lupe sì ní àwàdà tiẹ̀. Tó bá mọ̀ pé Feleti ti há sínú gosiló lórí títì márosẹ̀ M5, á pè é, á sọ fún un pé ibùsùn ṣófo, á sọ àwọn nǹkan míì tí mi ò ní tún sọ níbí. Feleti máa ń rẹ́rìn-ín títí á fi ṣèèṣì tẹ fèrè. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, àwàdà ò tíì jáde tán tí ọkùnrin yìí ti ní, "Mo wà lẹ́nu iṣẹ́," ó sì já fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyẹn ti bí Lupe nínú. Lẹ́yìn náà ló wá ń kó aṣọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó rí fọ́tò ara ẹ̀ lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Fọ́tò tó yà létí òkun ni, tí èjìká ẹ̀ wà níta, èyí tí Feleti ti gbé kọ́ sínú tírélà láti ọjọ́ tó pẹ́. Ó ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Kò sọ fún un.

Lupe gbé ẹ̀sùn náà lọ bá Vasiti, ará Fiji tí ilé wọn jọ pín ọgbà. Vasiti gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó bó ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ tán, ó nu ọ̀bẹ, ó ní, "Obìnrin ni. Feleti tí mo mọ̀ yìí, torí kámẹ́rà kọ́ ló ṣe máa dé bọ́tìnnì."

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn kí Jímọ̀ tó dé.

Lupe wà ní kíṣìnnì lọ́sàn-án, ó ń pọ́n lú, ìyẹn ewé kókò tí wọ́n ń kó ẹran inú agolo àti omi àgbọn sí, tí wọ́n á fi bébà dì, tí wọ́n á sì yan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ́ ewé ni Vasiti gba ibi pákó ọgbà tó ti já wọlé, fóònù lọ́wọ́, kò kí èèyàn.

"Lupe, nu ọwọ́ ẹ. Wá wo ọkọ ẹ."

Fídíò ni. Ó ti wà lórí fóònù gbogbo Minto. Tírélà Feleti dúró láàárín títì, ọkọ̀ kékeré kan dúró síwájú ẹ̀ gẹ́rẹ́, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹnu kora. Ọkùnrin kan gun àtẹ̀gùn tírélà, ó ń fi ìkúùkù lu gíláàsì, ó ń tutọ́ sí i, ó sì ń bú ìyá Feleti, ó ń dárúkọ ara ìyá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíì tó wà nínú ọkọ̀ kékeré ló ń ya fídíò, ó ń rẹ́rìn-ín. Feleti jókòó nínú ọkọ̀ ẹ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn pa, ó káwọ́, ó dorí kodò. Kò sọ̀rọ̀. Kò wo ọkùnrin náà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí ná. Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ tí àwọn ọmọ yẹn ń ṣe. Wọ́n á wá ọkọ̀ tó ti gbó, wọ́n á wo àlàfo tí awakọ̀ tírélà fi sílẹ̀ níwájú ẹ̀ torí ẹrù ẹ̀ wúwo, wọ́n á já wọbẹ̀, wọ́n á wá tẹ bíréèkì lójijì. Tí tírélà bá gbá wọn lẹ́yìn, ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n nìyẹn, owó adójútòfò á wọlé. Tí kò bá gbá wọn, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá bú awakọ̀ títí á fi bínú, wọ́n á ya ìbínú ẹ̀ sórí fóònù, iléeṣẹ́ á sì lé e. Ibi tí wọ́n ti tẹ bíréèkì kì í sí nínú fídíò wọn. Ẹ ò ní rí i láéláé.

Ẹ wá wo o, Feleti ò bínú. Àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò ò sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Vasiti ń kà á fún Lupe: ẹnìkan ní awakọ̀ yìí ti mu oògùn olóró, ẹnìkan ní oorun ló ń sùn, ẹlòmíì ní irú èèyàn báyìí ló máa pa wá lójú títì. Èyí tó ní Feleti ṣe dáadáa kò ju bíńtín lọ, wọ́n sì ti bú òun náà.

Ojú Lupe ò sí níbẹ̀. Ó ní kí Vasiti dá fídíò náà padà sẹ́yìn. Ó wò ó. Ó tún ní kó dá a padà. Ibì kan wà tí èébú ọkùnrin ìta kúrò lórí ìyá Feleti, tó bọ́ sórí àwọn arábìnrin ẹ̀. Ibẹ̀ ni Feleti gbójú sókè, ó wo kọ̀rọ̀ gíláàsì lókè, ẹnu ẹ̀ sì mì. Ohùn ẹ̀ ò gba gíláàsì jáde, ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ̀ ni Lupe, ó mọ bí ẹnu yẹn ṣe ń mì. Feleti ń sọ pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ bojú bí ẹni tójú ń tì.

"Ta ló ń bẹ̀?" Lupe bèèrè.

Vasiti ní kì í ṣe ọkùnrin tó ń lu gíláàsì o, torí kò wo apá ibẹ̀ rárá. Ó sún fóònù mọ́ imú. "Ẹnìkan ń wò ó. Ẹni tó mọ̀. Wo bó ṣe sọ̀rọ̀, bí ìgbà tí o bá ń bá ẹni tó jókòó tì ẹ́ sọ̀rọ̀."

Lupe pe fóònù Feleti. Wọ́n ti pa á. Ó padà sídìí ewé kókò ẹ̀, ó ń pọ́n ọn, ó ń le jù, ewé ń ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí Vasiti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti obìnrin Liverpool kan tí ọkọ ẹ̀ ní ilé kejì, Lupe ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun lọ gba àwọn ọmọ ní iléèwé, kí wọ́n jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ó ṣe díẹ̀, Feleti wọlé. Ọkọ̀ ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló gbé e wá. Ṣẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà ní dídé títí dé ọrùn. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó gbé fóònù ẹ̀ kalẹ̀, ó tan án, ó sì ń wò ó bí ẹni pé ejò ni.

Lupe ò kí i kú àbọ̀. Ó dúró, ó ń gbọ́. Feleti rò ó fún un díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti gba ìtọ̀ ẹ̀ yẹ̀ wò, kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Darren, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, ò fi ìyẹn pe nǹkan kan. Darren ní òun mọ Feleti, òun mọ bó ṣe máa ń bú èèyàn tẹ́lẹ̀, kí ló wá pa á lẹ́nu mọ́ lónìí? Darren ní fídíò títì dà, èyí tó máa fi ọkọ̀ kékeré hàn nígbà tó ń tẹ bíréèkì? Kò dé orí tábìlì òun. Ẹnìkan nínú ọ́fíìsì ti nù ún kúrò nínú ẹ̀rọ. Fídíò àwọn ọmọ ìta nìkan ló wà, nínú ìyẹn sì ni Feleti ti gbójú sókè tó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lójú kámẹ́rà. Ta lẹni tó wà nínú ọ́fíìsì tó jẹ́ èèyàn ẹ̀? Ṣé Feleti, onítọ̀hún, àti àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré jọ pa á pọ̀ ni, láti jẹ owó adójútòfò? Darren máa pè ní ìrọ̀lẹ́. Tí Feleti ò bá dárúkọ, kó má wá lọ́jọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ tírélà ń bára wọn sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n bá ti fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lé, kò tún sí ẹni tó máa fún un ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Lupe fa àga, kò jókòó. "Ẹnìkan wà nínú ọ́fíìsì lóòótọ́?"

Feleti ṣì ń wo fóònù.

"Bàbá Fusi, mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Obìnrin ni?"

 Ọkùnrin yìí ò mọ irọ́ pa, ìyẹn gan-an ni wàhálà ẹ̀. "Obìnrin ni," ó ní. "Kì í ṣe bó o ṣe rò."

"Báwo ni mo ṣe rò? Sọ fún mi bí mo ṣe rò."

 Ẹ̀yin èèyàn mi, "ẹ" tí Lupe ń fi bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ parẹ́ níbẹ̀. Ó ní ìwọ Feleti, ìwọ ni mo ń lọ aṣọ fún kó o tó mọ bí wọ́n ṣe ń lọ ọ́ fúnra ẹ. Ó ní o yọ fọ́tò mi kúrò, o sì gbé e sábẹ́ ìbọ̀sẹ̀, àní ìbọ̀sẹ̀, Feleti. Ó wọ yàrá, ó kó gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì tó ti lọ, ó gbé wọn jáde, ó dà wọ́n sórí koríko iwájú ilé, níbi tí ajá ará ìsàlẹ̀ máa ń tọ̀ sí. Kọ́tìnnì Vasiti mì. Kọ́tìnnì òdìkejì náà mì. Lupe padà wọlé, ó gbé fọ́tò náà kalẹ̀ síwájú ọkọ ẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù.

Lú ti jinná. Òórùn omi àgbọn gba gbogbo ilé. Lupe já bébà ẹyọ kan, ó bu ẹ̀gẹ́ sísè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, abọ́ kan ṣoṣo. Ó jẹ ẹ́ lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìdáná, ó kọ̀yìn sí ọkọ ẹ̀. Feleti ò bèèrè tiẹ̀. Ìró ṣíbí nìkan ló ń dún nínú ilé yẹn.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn tí mọ́tò kan fi dúró níta, tí ohùn obìnrin kan sì ń kí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Kí Lupe tó gbé abọ́ kalẹ̀, Feleti ti dìde lórí àga bí ẹni tí iná jó. Ó gba kíṣìnnì kọjá, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó pa ilẹ̀kùn dé rọra. Lupe sì ti mọ ẹni tó dé láìtíì rí i, torí ẹnìkan ṣoṣo ló wà tí Feleti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Seini ni.

Seini, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Feleti. Lọ́dọ̀ àwọn ará Tonga, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni, arábìnrin ẹni ni, kò sí ọ̀rọ̀ mọ̀lẹ́bí òkèèrè níbẹ̀. Àtikékeré ni wọ́n ti kọ́ Feleti pé ibi tí arábìnrin ẹ̀ bá wà, kò gbọdọ̀ sọ ìsọkúsọ, kò gbọdọ̀ wọ ìwọ̀kuwọ̀, àwàdà lọ́kọláya ò gbọdọ̀ ta létí àwọn méjèèjì papọ̀. Tí Seini bá wọ pálọ̀ báyìí, Feleti á jáde. Tí tẹlifíṣọ̀n bá ń fi ẹni tó ń fẹnu konu hàn, wọ́n á pa á. Lupe ti bá a bẹ́ẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára.

Ó jáde lọ bá Seini. Seini dúró ní báràńdà, kò fẹ́ wọlé. Ó ń wo àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lórí koríko. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò fa síìpù ẹ̀ dókè, ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ sì ni ṣẹ́ẹ̀tì búlúù tó ní ìlà ìyeyè léjìká. Ṣẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ Feleti. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀ pé iléeṣẹ́ adìyẹ ni Seini wà, tó ń yọ eegun.

Lupe wo ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó wo àwọn tó wà lórí koríko. Òróró àgbọn, bọ́tìnnì, áńkáṣíìfù, ẹ máa lọ o kí Ọlọ́run ṣamọ̀nà yín, fọ́tò tí èjìká wà níta. Gbogbo ẹ̀ jókòó sí àyè ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ló wá rántí àwàdà ibùsùn, etí ẹ̀ méjèèjì sì gbóná.

"Àǹtí Seini," ó ní, "ẹ̀yin lẹ ń wo kámẹ́rà."

"Èmi ni."

"Ẹ sì ń gbọ́ nígbà tí mo bá ń pè é."

"Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan," Seini ní, kò wo ojú ẹ̀. "Mo pa ohùn ẹ̀ kíá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní ilẹ̀ lè lanu ni, Lupe ì bá ti bọ́ sínú ẹ̀.

Seini wá rò ó. Ó ní iléeṣẹ́ adìyẹ ti ba ọwọ́ òun jẹ́, àwọn ìka ò ká mọ́. Bàbá òun ń lọ sọ́sibítù ṣáá, ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ ìjókòó yìí yọ, wọ́n bi òun bóyá òun ní mọ̀lẹ́bí lára àwọn awakọ̀, torí òfin wọn ni pé mọ̀lẹ́bí ò gbọdọ̀ wo mọ̀lẹ́bí. Òun ní rárá. Orúkọ bàbá wọn yàtọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Òun ò mọ̀ pé ọkọ̀ Feleti ló máa já mọ́ òun lọ́wọ́. Òun bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Pàápàá ìwọ," Seini ní. Ó wo apá ọgbà Vasiti. Lupe gbé ìyẹn mì.

Ó ní fídíò òní já wọlé, òun rí i látìbẹ̀rẹ̀. Òun rí ọkọ̀ kékeré tó já wọlé, òun rí bíréèkì, òun rí bí Feleti ṣe dá ọkọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ yẹn dúró láìgbá wọn. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin yẹn gun òkè tó sì la ẹnu.

"Mò ń gbọ́ ọ," Seini ní, "ẹ̀gbọ́n mi sì mọ̀ pé mò ń gbọ́ ọ. Ohun tí ọkùnrin yẹn ń sọ nípa wa, lójú ẹ̀, létí mi. Ó gbójú sókè, ó ń bẹ̀ mí, bí ẹni pé òun ló sọ ọ́. Mi ò lè jókòó wò ó, Lupe. Mo nù ún. Ọwọ́ mi kàn nù ún ni."

Tí ọmọ ìlú míì bá wà nídìí iṣẹ́ yẹn, á wò ó tán, á tiẹ̀ pe ẹlòmíì wá wò ó. Ṣùgbọ́n Seini ò lè wò ó. Bó ṣe nu èébú náà, ló nu títì àti bíréèkì pọ̀ mọ́ ọn. Ó ní kò tíì pa rẹ́ pátápátá o, Darren lè ní kí wọ́n hú u jáde lónìí, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó nù ún, á sì bèèrè ìdí.

Lupe ní kí ló wá fẹ́ kí wọ́n ṣe. Seini ní kó lọ bèèrè lọ́wọ́ Feleti, ohun tó fẹ́ sọ fún Darren.

Ni Lupe bá di oníṣẹ́ láàárín wọn. Ó gba inú ilé kọjá sẹ́yìn. Feleti ń la igi tí wọ́n máa fi dáná sínú kòtò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó fi àáké ń là á bí ẹni tí igi ṣẹ̀. Lupe jẹ́ iṣẹ́ náà. Feleti ò gbójú sókè.

"Sọ fún un kó máa lọ sílé lọ tọ́jú bàbá. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Àwọn ọmọ ẹ ńkọ́?"

Ó gbé igi míì lélẹ̀. "Sọ fún un bí mo ṣe sọ."

Lupe gba inú ilé padà, ó jẹ́ ẹ bó ṣe sọ ọ́. Seini dorí kodò, omijé bọ́ lójú ẹ̀. Lupe dúró tì í, ó ń wò ó, ó ń retí. Ó ń retí kó sọ pé rárá, mi ò lè jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Seini sunkún, ó nu ojú. Ó ní Feleti ti máa ń ṣe dáadáa sí òun láti kékeré. Ó fọwọ́ wá àpò ẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Rárá yẹn ò jáde.

Ìfura tí Lupe ti gbé kúrò lórí ọkọ ẹ̀ wá ibòmíì jókòó sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá ìdí tí obìnrin yìí fi wá gan-an nìyẹn, láti wá fi etí ara ẹ̀ gbọ́ pé Feleti máa panu mọ́.

Fóònù dún lórí tábìlì.

Lupe wọlé lọ wò ó. Darren ni. Ó mú un dání, kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ó dúró ní kọ́rídọ̀, fóònù ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn, àáké ń ró. Níwájú, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń dún wọnjanwọnjan. Fóònù Feleti ni, ẹ̀yìnkùlé ló yẹ kó gbé e lọ. Ẹ sì mọ ipò Lupe nínú ilé yẹn. Arábìnrin ọkọ ni olórí. Tí ìnáwó bá wà, Seini á jókòó sórí ẹní àgbà, Lupe á wà ní kíṣìnnì láàárín èéfín. Ìyàwó kì í rán arábìnrin ọkọ níṣẹ́. Kò tiẹ̀ gbọdọ̀ kọjá níwájú ẹ̀ láìtẹ̀ba.

Lupe tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé, ó jáde sí báràńdà, ó sì fi fóònù náà lé Seini lọ́wọ́. Kò sọ ẹni tó ń pè. 

"Feleti?" Ohùn Darren ló jáde. "Feleti, ṣó o wà níbẹ̀? Mò ń gbọ́ ẹ."

Seini wo fóònù. Ó gbójú sókè wo Lupe, kò sì tètè gbé ojú yẹn kúrò. Lẹ́yìn ilé, àáké dákẹ́.

"Kì í ṣe Feleti," Seini ní. "Seini ni, tó ń wo kámẹ́rà. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi ni mo nù ún."

Wọ́n ti hú fídíò náà jáde. Feleti padà sínú tírélà lọ́jọ́ Ajé, ṣòkòtò péńpé ló wọ̀, ọkùnrin kan tí ò mọ̀ rí ló ń wò ó báyìí. Kò bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́ náà. Kò bá Lupe jà. Ó ń jẹun, ó ń sọ pé ẹ ṣeun, á wá jáde lọ jókòó sẹ́yìnkùlé. Fọ́tò náà ṣì wà lórí tábìlì, kò dá a padà sínú ọkọ̀, kò sì tún gbé e sábẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ ìjókòó bọ́ lọ́wọ́ Seini, ó ti padà sídìí adìyẹ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Lupe tẹ̀ba kọjá níwájú ẹ̀ bó ṣe yẹ, Seini sì kí i, kíkí tó tutù bí omi kànga. Àwọn ọmọ ọkọ̀ kékeré ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Fídíò wọn ṣì wà lórí fóònù yín, ẹ wò ó, kò sí bíréèkì níbẹ̀. Lupe ò tíì sọ gbogbo ẹ̀ fún Vasiti o, ẹ má sì bi mí bí èmi ṣe gbọ́.

Èyí tí mo fẹ́ bi yín ni pé, tó bá jẹ́ ọwọ́ yín ni fóònù yẹn wà ní kọ́rídọ̀, tí àáké ń ró lẹ́yìn, tí kọ́kọ́rọ́ ń dún níwájú, ta lẹ máa gbé e fún?